Ìtọ̀ ń jò lára mi tí mo bá ń fo okùn, mi ò sì tíì bímọ rí. Ṣé iṣan abẹ́ ni?

OlókùnFífò

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ó pẹ́ tí mo ti ń kọ ọ́ tí mo tún ń pa á rẹ́, torí ojú ń tì mí.

Ọmọ ọdún 22 ni mí. Mi ò lóyún rí, mi ò sì bímọ rí. Fọ́líbọ́ọ̀lù ni mò ń gbá, ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀, a sì máa ń fo okùn fún ìṣẹ́jú 10 ká tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù. Ní nǹkan bí ọdún kan sẹ́yìn, mo ṣàkíyèsí pé tí mo bá ti ka okùn mi dé nǹkan bí 40, ohun kan tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ á já sí mi lábẹ́. Òógùn ni mo kọ́kọ́ pè é. Lọ́jọ́ kan mo wọ ilé ìtọ̀ lọ, mo yẹ aṣọ mi wò, mo gbóòórùn rẹ̀, ìtọ̀ ni. Kì í tú yàà o. Kò ju ìwọ̀n ṣíbí kékeré kan lọ, àmọ́ ó tó láti mú kí pátá mi tutù rinrin.

Láti ìgbà náà, ṣòkòtò dúdú nìkan ni mò ń wọ̀ lọ sí pápá. Lọ́jọ́ tí a bá máa gbá bọ́ọ̀lù, mi kì í mu omi láti àárọ̀. Mo máa ń tọ̀ nílé kí n tó jáde, mo tún máa ń tọ̀ tí mo bá débẹ̀, mo tún máa ń sáré lọ tọ̀ lẹ́ẹ̀kẹta kí wọ́n tó fọn fèrè. Páàdì ò kúrò nínú báàgì mi. Síbẹ̀, lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fò sókè láti dí bọ́ọ̀lù, bí ẹsẹ̀ mi ṣe kanlẹ̀ báyìí, ó já. Ó ṣàn dé itan. Mo jókòó pẹ̀lẹ́ sórí pápá, mo di orúnkún mú, mo ní orúnkún ló ń dùn mí. Kóòṣì wá ń fi yìnyín sí orúnkún tí ohunkóhun ò ṣe, ẹkún sì ń gbọ̀n mí.

Mo kà á pé ìdárayá kan wà fún iṣan abẹ́. Ọ̀sẹ̀ 3 rèé tí mo ti ń ṣe é. Tí mo bá ń tọ̀, mo máa ń dá ìtọ̀ náà dúró láàárín, kí n tó tún tú u sílẹ̀. Lálẹ́, tí mo bá dùbúlẹ̀, mo máa ń fún abẹ́ pọ̀ ní ìgbà 200. Ikùn ló ń dùn mí, itan sì ń ro mí. Jíjò náà ò dín, ó tilẹ̀ jọ pé ó ń le sí i.

Ṣé kì í ṣe àwọn tó ti bímọ àti àwọn àgbàlagbà ni nǹkan yìí máa ń ṣe ni? Kí ni mò ń ṣe tí kò dáa? Àbí kí n kúkú fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀? Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn.

Ẹsẹ̀Yíyá

Àbúrò mi, má fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Jẹ́ kí n sọ tèmi fún ọ.

Eré ọ̀nà jíjìn ni mò ń sá. Ọmọ ọdún 24 ni mí nígbà tó bẹ̀rẹ̀, mo ti pé 27 báyìí, mi ò sì tíì bímọ. Tí mo bá ti sáré kọjá kìlómítà 3, pàápàá níbi tí ọ̀nà bá ti dà gẹ̀ẹ́rẹ́ lọ sísàlẹ̀, abẹ́ mi á bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà tọ dókítà kan lọ. Kò gbójú sókè kúrò nínú ìwé tó ń kọ. Ó ní kí n lọ bímọ ná, tó bá ṣì ń jò lẹ́yìn ìyẹn kí n padà wá. Mo jáde níbẹ̀, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́ fún ọdún kan àbọ̀. Ọdún kan àbọ̀ yẹn ló ń dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀.

Obìnrin kan tó ń ṣe físíò, ìyẹn ìtọ́jú iṣan àti oríkèé, fún ẹsẹ̀ mi ló fẹnu ara rẹ̀ bi mí pé, "Tí o bá ń sáré, ṣé ìtọ̀ máa ń jò?" Bó ṣe bèèrè rẹ̀ nìyẹn, wẹ́rẹ́, bí ẹni ń bèèrè ibi tí bàtà ti ń ha èèyàn lẹ́sẹ̀. Mo bú sẹ́kún. Ó ní kí n dùbúlẹ̀, kí n fi dígí kékeré wo abẹ́ mi, kí n wá fún un pọ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe é nílé. Ẹ̀yin èèyàn mi, ńṣe ni abẹ́ mi ń wú jáde! Gbogbo ìgbà tí mo rò pé mò ń fà á sókè, ìsàlẹ̀ ni mò ń tì í sí, bí ẹni tó ń fi agbára yàgbẹ́. Mo sì ń ṣe é ní ìgbà 100 lójúmọ́.

Torí náà, kí o tó fi kún iye rẹ̀, kọ́kọ́ mọ ibi tó ń lọ. Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ 2 gbáko kí n tó mọ ìyàtọ̀ láàárín fífà sókè àti títì sísàlẹ̀. Ó wá tó oṣù 4 kí n tó sáré kìlómítà 10 láìwọ páàdì. Mo rántí ọjọ́ náà dáadáa, torí òjò ń rọ̀, gbogbo ara mi sì tutù, àmọ́ mo mọ̀ pé òjò nìkan ni.

FísíòÀwọnObìnrin

OlókùnFífò, mo kí ọ, o ṣeun tí o kọ ọ́ tí o ò tún pa á rẹ́. Ọdún 11 rèé tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ físíò, iṣan abẹ́ àwọn obìnrin ló sì gba èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi. Ohun tí Ẹsẹ̀Yíyá sọ yẹn, mò ń rí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

O bèèrè bóyá àwọn abiyamọ nìkan ló ń ṣe. Rárá o. Ní ọdún 1994, wọ́n fọ̀rọ̀ wá àwọn obìnrin eléré ìdárayá 144 lẹ́nu wò ní yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà. Kò sí ẹni tó tíì bímọ nínú wọn, síbẹ̀ 28 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ní ìtọ̀ máa ń jò tí àwọn bá wà lẹ́nu eré. Ní ọdún 2002, ní Sweden, wọ́n bi àwọn ọ̀dọ́bìnrin 35 tó ń fò lórí tánpólìn, aṣọ líle tí wọ́n ta tó máa ń ta èèyàn padà sókè; 28 nínú wọn ló ní ó ń jò. Eré tó bá ní fífò àti bíbalẹ̀ nínú ló máa ń fa irú èyí jù. Mò ń sọ ọ́ kí ojú má bàa tì ọ́ mọ́ ni o. Mi ò sọ ọ́ kí o lè gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ayé rẹ máa rí, torí ó ní ìtọ́jú.

Iṣan tí à ń wí yìí dà bí ẹní tí wọ́n ta láti ara egungun iwájú, ní apá ibi tí irun abẹ́ wà, lọ dé ṣóńṣó egungun ìdí. Orí ẹní yìí ni àpò ìtọ̀, ilé ọmọ àti ìfun tí ìgbẹ́ ń gbà jókòó lé, inú rẹ̀ náà sì ni ọ̀nà ìtọ̀, ojú ara àti ihò ìdí gbà kọjá. Tí o bá mí sínú, á rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Tí o bá mí síta, á padà sókè. Tí o bá fò tí o sì balẹ̀, gbogbo ohun tó wà nínú ikùn rẹ á já lé e lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá ti gbára dì kí ẹrù yẹn tó já, á pa ọ̀nà ìtọ̀ dé. Tó bá pẹ́ kó tó dìde, tàbí tó ti rẹ̀ ẹ́, ìtọ̀ díẹ̀ á yọ́ jáde.

Wàyí o, wo ohun tí ìwọ fúnra rẹ kọ: okùn 40. Ìyẹn ni pé nínú okùn 39 àkọ́kọ́, iṣan yẹn ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, kò já ọ kulẹ̀. Iṣan tó ń tètè rẹ̀ lo ní, kì í ṣe iṣan tó ti kú. Iṣan tó ń tètè rẹ̀ sì ṣeé kọ́, bí a ṣe ń kọ́ ti apá àti ti ẹsẹ̀.

Èyí tí o ń ṣe nígbà tí o bá ń tọ̀, dá a dúró lónìí. Tí èèyàn bá ń tọ̀, ńṣe ló yẹ kí iṣan yẹn dẹ̀ pátápátá kí àpò ìtọ̀ lè tán. Tí o bá ń fún un pọ̀ láàárín, ò ń da àpò ìtọ̀ láàmú, ó sì lè má tán dáadáa. Èèyàn lè dán an wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti mọ ibi tí iṣan náà wà, àmọ́ kì í ṣe ìdárayá. Ìgbà 200 tí o ń fún un pọ̀ lálẹ́ ńkọ́? Iṣan kékeré bẹ́ẹ̀ á ti rẹ̀ kó tó dé 20. Èyí tó kù, ikùn àti itan ló ń bá ọ ṣe é. Ìdí tí wọ́n fi ń dùn ọ́ nìyẹn.

Bí mo ṣe máa ń kọ́ àwọn tó bá wá sọ́dọ̀ mi rèé. Fẹ̀yìn lélẹ̀, ká orúnkún méjèèjì sókè, fi ọwọ́ kan lé ìsàlẹ̀ ìdodo. Mí sínú, jẹ́ kí gbogbo abẹ́ rọ̀ wálẹ̀. Bí o ṣe ń mí síta, ṣe bí ẹni tó fẹ́ mú isó mọ́ra láàárín àwùjọ: rọra fa ihò ìdí wọnú, sókè, kí o wá fa ìfàsókè náà bọ̀ síwájú dé ọ̀nà ìtọ̀. Ìdí rẹ ò gbọ́dọ̀ gbéra lórí ẹní. Itan ò gbọ́dọ̀ pàdé. Abẹ́ ọwọ́ tí o gbé lé ikùn lè le díẹ̀, àmọ́ tó bá wú tì ọ́ lọ́wọ́, ìsàlẹ̀ lò ń tì. Má dá èémí dúró. Lẹ́yìn náà, tú u sílẹ̀, kí o sì dúró títí wàá fi mọ̀ ọ́n lára pé ó ti wálẹ̀. Títú sílẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò. Iṣan tí kò lè wálẹ̀ kò ní ibi tó ti máa gbéra sókè.

Lo dígí bí Ẹsẹ̀Yíyá ṣe wí. Àárín ojú ara àti ihò ìdí ni kí o wò, ó yẹ kó sún wọnú. Má sì dá ara rẹ lẹ́bi tó bá wú jáde. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní 1991, wọ́n fi ẹnu nìkan kọ́ àwọn obìnrin 47, 23 péré ló ṣe é bó ṣe yẹ, 12 sì ń ṣe é lọ́nà tó lè dá kún jíjò náà. Mo máa ń ronú lórí èyí gan-an. Arnold Kegel, dókítà Amẹ́ríkà tó gbé ìdárayá yìí jáde ní 1948, ò fi ẹnu nìkan kọ́ni o. Ó ní ohun èlò kan tó fi ń wọn agbára tí obìnrin fi ń fún un pọ̀, obìnrin náà á sì máa fojú ara rẹ̀ rí i bó ṣe ń lọ. Fífún pọ̀ ni ayé mú, wọ́n gbàgbé yíyẹ̀ wò. Sí èmi, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ti ń ṣìnà.

Iye tí wàá ṣe, ara rẹ ló máa sọ. Fà á sókè kí o máa kà. Ibi tó bá ti já bọ́ ni tìrẹ. Tó bá jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 3, 3 ni kí o bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, kí o sinmi fún iye kan náà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí o tún ṣe é, títí yóò fi pé ìgbà 8. Ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ìgbà 8, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, fún oṣù 3 ó kéré tán, lábẹ́ àbójútó ẹni tó mọ̀ ọ́n: ohun tí àjọ NICE, tó ń la ìlànà ìtọ́jú sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ nìyẹn. Máa fi ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan kún un títí yóò fi dé 10. Nígbà tí o bá ti lè ṣe é lórí ìdùbúlẹ̀, ṣe é lórí ìjókòó, kí o tó ṣe é ní ìdúró. Fi àwọn tó yára kún un lẹ́yìn náà: fà á, tú u, fà á, tú u, torí fífò ò ní dúró dè ọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 10.

Ìgbà tí wọ́n kó ìwádìí 31 jọ ní 2018, tí wọ́n sì wo àwọn tí ìtọ̀ ń jò lára wọn bíi tìrẹ, 56 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ṣe ìdárayá yìí ló ní ó ti tán. Nínú àwọn tí kò ṣe é, 6 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Mi ò mọ ọ̀pọ̀ ìtọ́jú tí kò lábẹ́rẹ́, tí kò lóògùn, tó ń ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Omi, jọ̀ọ́, máa mu ún. Tí o kò bá mu omi, ìtọ̀ á ki, ìtọ̀ tó ki sì máa ń bínú sí àpò rẹ̀. Títọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí eré tó bẹ̀rẹ̀ náà, ò ń kọ́ àpò ìtọ̀ rẹ pé kó máa pariwo nígbà tí kò tíì kún. Ẹ̀ẹ̀kan ti tó.

Mo ní ìbéèrè fún ọ. Ṣé nǹkan oṣù rẹ ń wá déédéé? Ṣé ò ń yàgbẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́? Ṣé ìtọ̀ máa ń ta ọ́, àbí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀? Ṣé o ti fi dígí náà wò ó?

ÀṣíríMiRèé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un, torí àwọn tó dà bíi tèmi máa ka èyí, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún un pọ̀ kí wọ́n tó kà á tán.

Ọmọ ọdún 25 ni mí. Ìtọ̀ ń jò lára tèmi náà, àmọ́ àwọn nǹkan mìíràn tún wà. Tí mo bá jókòó láti tọ̀, mo máa ń dúró pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, á tún máa dá dúró fúnra rẹ̀. Òwú nǹkan oṣù tí a ń kì bọ inú ara ò ṣeé kì bọ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń ti ìka mọ́ ògiri. Èmi àti ọkọ mi ò lè sún mọ́ra láìjẹ́ pé omijé bọ́ lójú mi. Mo rí ìdárayá yìí lórí fóònù, wọ́n ní ó dára fún gbogbo obìnrin. Oṣù 2 ni mo fi ṣe é láìsinmi. Gbogbo rẹ̀ le sí i.

Nígbà tí físíò yẹ̀ mí wò, ó ní iṣan mi ò rọ̀ rárá. Ó ti wà lókè tẹ́lẹ̀, kì í wálẹ̀, ó dà bí ẹni tó di ọwọ́ ní ìkúùkù láti àárọ̀ dalẹ́. Tí wọ́n bá wá ní kó gbé nǹkan, agbára wo ló kù? Ó ní kí n má fún ohunkóhun pọ̀ fún ọ̀sẹ̀ 6. Ohun tó fún mi ṣe ni pé kí n dùbúlẹ̀, kí n gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé orí àga, kí n máa mí títí ikùn fi máa wú, kí n sì máa fọkàn bá èémí náà lọ títí dé ìsàlẹ̀. Ó tún ní kí n máa kíyè sí eyín mi, torí gbogbo ìgbà tí mo bá ti fi eyín ha eyín, abẹ́ mi náà ń le. Òótọ́ ni. Mo dán an wò, mo sì mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ fífà sókè. Torí náà, OlókùnFífò, tí ìrora bá wà ńbẹ̀, má fipá ṣe é.

OlókùnFífò

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Mo ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Mo ti ilẹ̀kùn lálẹ́ àná, mo gbé dígí kékeré kalẹ̀. Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe, ìdí mi gbéra sókè. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, itan mi pàdé. Mo sinmi, mo mí síta bí Ẹ̀gbọ́n Físíò ṣe wí, mo wá ronú nípa isó nìkan, mi ò ronú nípa nǹkan mìíràn. Mo rí i! Ibẹ̀ sún wọnú díẹ̀, bí ìgbà tí ojú ń ṣẹ́. Mo kà á dé 4. Nígbà tí mo pe 5, mo ṣì rò pé mo dì í mú, àmọ́ nínú dígí ó ti lọ tipẹ́. Nígbà tí mo sì tú u sílẹ̀, kò wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀, àfìgbà tí mo mí lẹ́ẹ̀kejì.

Ìtọ̀ kì í ta mí, mi ò sì rí ẹ̀jẹ̀. Kò sí ìrora. Ìgbẹ́ mi ò wá déédéé, ó lè tó ọjọ́ 3 tàbí 4, mo sì máa ń fi agbára ṣe é. Nǹkan oṣù mi, ó ti tó oṣù 4 tí mo ti rí i gbẹ̀yìn. Mo rò pé eré ìdárayá ló fà á, inú mi tilẹ̀ dùn pé mo bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti dín oúnjẹ kù láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kí n lè fò dáadáa.

Ìbéèrè kan tún wà tí mi ò mọ bí mo ṣe máa bèèrè. Mi ò tíì mọ ọkùnrin. Tí mo bá lọ sọ́dọ̀ físíò, ṣé dandan ni kí wọ́n ti ìka bọ̀ mí lára? Mo tún rí àwọn bọ́ọ̀lù kékeré tí wọ́n ń tà pé kí èèyàn fi sínú, ṣé mo nílò rẹ̀?

FísíòÀwọnObìnrin

Kì í ṣe dandan. Gbọ́ mi dáadáa níbí: kì í ṣe dandan. Yíyẹ̀ wò láti inú wúlò, àmọ́ ọ̀nà mìíràn wà. A lè wò ó láti ìta, bí ìwọ fúnra rẹ ṣe wò ó nínú dígí. A lè fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo oyún wò ó láti orí ikùn, wàá sì máa rí àpò ìtọ̀ rẹ lójú ẹ̀rọ bó ṣe ń gbéra tí o bá fà á sókè. Sọ ohun tí o sọ fún wa yìí fún ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ọ́ wò, kó tó fọwọ́ kàn ọ́. O lè ní obìnrin lo fẹ́. O lè ní kí ẹnìkan bá ọ wọlé. O lè gbà, kí o tún yí ọkàn padà láàárín, kí o ní ó tó. Ẹni tí ìyẹn bá bí nínú kì í ṣe ẹni tó yẹ kó yẹ̀ ọ́ wò. Bọ́ọ̀lù kékeré yẹn, o ò nílò rẹ̀, má náwó lé e.

Oṣù 4 láìrí nǹkan oṣù ni mo fẹ́ kí o mú ní kánjúkánjú. Lọ rí dókítà lọ́sẹ̀ yìí, má dúró de ìdárayá. Tí ara bá ń ṣiṣẹ́ púpọ̀ tí oúnjẹ ò tó, ó máa ń pa àwọn nǹkan kan tì kó lè rí agbára lò, nǹkan oṣù sì wà lára wọn. Èròjà ara obìnrin tó ń jẹ́ estrogen á lọ sílẹ̀, egungun á máa san gbèsè rẹ̀, ẹran ara tó yí ọ̀nà ìtọ̀ ká náà sì nílò rẹ̀. Ohun mìíràn lè wà tó fà á, ìyẹn ni dókítà ṣe máa yẹ̀ ọ́ wò. Má sì máa dunnú sí i mọ́, àbúrò mi.

Ìgbẹ́ tó ń yà lọ́jọ́ kẹrin, omi tí o kò mu ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Fi nǹkan kékeré sí abẹ́ ẹsẹ̀ tí o bá jókòó, kí orúnkún ga ju ìbàdí lọ, tẹ̀ síwájú, kí o sì máa mí. Gbogbo ìgbà tí o bá fi agbára tì í, ẹní tí à ń tún ṣe lò ń tẹ̀ mọ́lẹ̀.

O ní ó ń pẹ́ kó tó wálẹ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, lo ohun tí ÀṣíríMiRèé sọ: ẹsẹ̀ lórí àga, èémí, ìṣẹ́jú 5 láàárọ̀ àti lálẹ́. Lẹ́yìn náà, ìṣẹ́jú àáyá 4, ìsinmi 8, ìgbà 8. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ikọ́: fà á sókè ná, kí o tó wúkọ́, kí o má tú u sílẹ̀ títí ikọ́ náà fi tán. Ní 1998, àwọn àgbàlagbà obìnrin kan ní Amẹ́ríkà kọ́ èyí nìkan fún ọ̀sẹ̀ kan, ìtọ̀ tó ń jò tí wọ́n bá wúkọ́ sì dín kù gan-an. Kò tíì sí iṣan tó lè le sí i láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Àkókò tí wọ́n fi ń fà á sókè ni wọ́n mú. Tí o bá mọ ti ikọ́, ti fífò máa tẹ̀ lé e.

Tí ìdí tàbí inú itan rẹ bá kú tipiri, tàbí tí ìtọ̀ bá há, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ o.

OlókùnFífò

Ọ̀sẹ̀ 11 rèé. Mo ṣèlérí fún ara mi pé màá padà wá sọ ibi tó dé.

Dókítà gba ẹ̀jẹ̀ mi, ó bi mí ní gbogbo ohun tí mò ń jẹ, ó sì ní ohun tí Ẹ̀gbọ́n Físíò sọ gan-an ló ṣẹlẹ̀. Mo ti ń jẹun kí n tó lọ sí pápá àti lẹ́yìn tí mo bá dé. Nǹkan oṣù mi wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo jókòó sílé ìtọ̀, mò ń wò ó, inú mi dùn débi pé mo pe màmá mi.

Mo ti lè fà á sókè dé 9, ìgbà 8, ní ìdúró. Mo rí físíò obìnrin kan lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀rọ orí ikùn ló lò. Ọjọ́ tí mo rí àpò ìtọ̀ mi lójú ẹ̀rọ tó ń gbéra torí pé mo ní kó gbéra, mo ní kó jẹ́ kí n tún un ṣe. Okùn 150 ni mo fò lánàá, kò já. Mo sì ti sọ òtítọ́ orúnkún yẹn fún kóòṣì. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní ṣé kí òun pín ìṣẹ́jú 10 tí a fi ń fo okùn sí ọ̀nà méjì fún gbogbo wa. Ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀.

Ibì kan ló kù. Tí eré bá ti gùn dé sẹ́ẹ̀tì kẹta, tí mo fò láti dí bọ́ọ̀lù tí mo sì balẹ̀ lórí ẹsẹ̀ kan, ó ṣì ń yọ́ díẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

FísíòÀwọnObìnrin

Ó káre láé! Ibi tó yẹ kí o wà ní ọ̀sẹ̀ 11 lo wà yẹn.

Sẹ́ẹ̀tì kẹta, àárẹ̀ ni, bíi ti okùn 40 tẹ́lẹ̀. Má ṣe ìdárayá náà nígbà tí kò tíì rẹ̀ ọ́ nìkan. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, tí eré bá parí tí ẹsẹ̀ rẹ ti ń gbọ̀n, ṣe 8 ní ìdúró níbẹ̀, kí o tó bọ́ bàtà. Lẹ́yìn náà, gun orí àpótí tí kò ga jù, fà á sókè, mí síta, bọ́ sílẹ̀ lórí ẹsẹ̀ méjì, tú u sílẹ̀ pátápátá kí o tó tún gùn ún. Ìgbà 5 ti tó. Ọ̀sẹ̀ 2 tí kò bá jò, bọ́ sílẹ̀ lórí ẹsẹ̀ kan. Ẹsẹ̀ tí ó ń jò lé lórí yẹn ni kí o fi bẹ̀rẹ̀, kí o sì wá sọ fún mi bóyá ti ọ̀tún ni àbí ti òsì.